Orúkọ Tí Makola Sọ Aṣọ Alága

Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn ní Akra. Mo dárí ji onílé àkọ́kọ́ tó ní kí n máa pọnmi fún òun torí pé mo jẹ́ àlejò. Mo dárí ji awakọ̀ tírótìró, bọ́ọ̀sì akérò wọn, tó gbé mi dé Ashaiman nígbà tí mo sọ fún un pé ọjà Makola ni mò ń lọ, tó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa nìkan ni mi ò tíì dárí jì, kò sì sí lọ́kàn mi láti dárí jì í. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún yín pé ẹ̀san ò dára, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ìnísà ni ilé mi. Àǹtí Sìfáwù, àbúrò bàbá mi, ló ránṣẹ́ pé kí n wá máa bá òun ta aṣọ ní Makola, torí orúnkún ti ń dun òun, òun ò sì bímọ obìnrin. Akra ni wọ́n bí Àǹtí sí. Wọ́n lé òun àti àwọn òbí ẹ̀ kúrò nígbà tó wà lọ́mọdé, lọ́dún tí ìjọba ìgbà náà lé àwọn àlejò, ó sì padà wá nígbà tí ìlú rọ̀. Yorùbá ẹ̀ kì í dúró síbì kan. Bó bá gbéra nílé, á yà kí Twi, á yà kí Gẹ̀ẹ́sì, kó tó rántí ibi tó ń lọ.

"Bra, wá jókòó," ló wí lọ́jọ́ tí mo dé. "Makola ò le páà. Ṣáà la ojú ẹ, kí o pa ẹnu ẹ mọ́. Àwa Alata, a tà, a jẹ, a dákẹ́. You hear?"

Mo la ojú mi. Ẹnu ni kò rọrùn láti pa mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà kì í ṣe èdè, kì í sì í ṣe kọ̀mí, ẹ̀kọ kíkan tí wọ́n ń fi ewé àgbàdo wé, tí omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ fi í sẹ́nu. Ohun tó já mi láyà ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Ìnísà, bí mo bá yọ lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá arúgbó tí kò ríran mọ́ á ti mọ ìdílé mi nínú bí mo ṣe ń kí i. Ní Makola, Alata ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ó sì parí síbẹ̀. Wọn kì í fi í bú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n ṣe ń pe iyọ̀ ní iyọ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá délé lálẹ́, mo máa ń pe orúkọ ara mi sókè kí etí mi má bàa gbàgbé ẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbà mí. Mo kọ́ bí a ṣe ń ká aṣọ kí etí ẹ̀ bá ara wọn mu, bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kí oníbàárà gbọ́ pé ó nípọn, àti bí a ṣe ń na yáàdì mẹ́fà láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: pé gbogbo aṣọ ní Makola ló lórúkọ. Oníbàárà kì í sọ pé òun fẹ́ aláwọ̀ búlúù ẹlẹ́yẹ. Orúkọ ló máa pè. Aṣọ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Má Wo Ẹnu Mi, òmíràn ń jẹ́ Ìyàwó Kejì Ò Mọ Ibi Iyọ̀ Wà. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń yan àlè á ra aṣọ tí orúkọ ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu, á wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ilé àlè, kò ní la ẹnu, gbogbo àdúgbò á sì ti gbọ́.

"Ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ?" ni mo bi Àǹtí.

"Ọjà ni."

"Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ wọ́n ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé iṣẹ́ á tẹ aṣọ. Ọjà á wo aṣọ, á wo ìlú, á sì sọ ọ́ lórúkọ. Bí àwọn obìnrin bá ti gba orúkọ náà sẹ́nu, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Ààrẹ ò lè yí i. Aṣọ tí kò bá sì lórúkọ, á kàn jókòó síbí máa kó eruku ni."

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù. Makola kì í ná, Àǹtí á lọ sípàdé àwọn obìnrin Ìnísà, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Jamestown, èéfín ẹja á máa wọ̀ mí lójú. Dede ló ni èéfín náà. Ọmọ Gá ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Akra, ó ń yan ẹja nínú àgbàlá wa, ohùn ẹ̀ sì lè jí òkú. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Alata, ṣé o ò ní ẹnì kankan ni?"

"Mi ò ní."

"Dìde, jẹ́ ká lọ."

Pápá ìṣeré ni ó mú mi lọ, láti lọ wo Rófàsì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Mi ò mọ nǹkankan nípa bọ́ọ̀lù. Ní Ìnísà, nǹkan ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n Dede tì mí wọ àárín èrò tó ń kọ jámà, orin òun àtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń ti ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn, kí n sì tó mọ̀, èmi náà ti ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní apá òsì tó ń jẹ́ Nii Ayi, ọmọ apẹja. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó tan ẹnì kan, ó tan èkejì, ó gbá a sáwọ̀n. Bàbá sìgbọ̀nlẹ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń rùn bí òkun, gbá mi mọ́ra títí ẹsẹ̀ mi fi kúrò nílẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti wá. Bó ṣe gbé mi sílẹ̀ ló ní, "A ti jẹ wọ́n, àbúrò mi." Mo sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá yẹn ni Ataa Kwei, olórí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Láàárín ọdún kan, mo ti gba káàdì ọmọ ẹgbẹ́, mo ti ní àyè tèmi láàárín òun àti Dede, wọ́n sì ti ń rán mi níṣẹ́ bí ọmọ ilé. Tí mo bá pẹ́ dé, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Nínú gbogbo Akra, ibì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ń wo ọ̀nà fún mi.

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù.

"Bọ́ọ̀lù?" ni Màmá wí. "Ìwọ obìnrin? Ṣé ọkọ ń bẹ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Màmá. Bọ́ọ̀lù nìkan ni."

"Ó dáa. Ṣáà máa jẹun kí o tó lọ."

Nígbà tó yá, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò tíì ní bi mí léèrè àlàáfíà tí á ti ní, "Ọmọ apẹja yẹn ńkọ́, ṣé ó gbá a wọlé?"

Ìgbà yẹn ni Alága dé. Ẹran adìẹ dídì ló ń kó wọ̀lú, ó lówó, ó sì fẹ́ kí aráyé mọ̀. Ó ra ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ariwo lórí rédíò. A kọrin fún un o, mi ò ní parọ́. Èmi gan-an kọrin fún un títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lé kóòṣì wa, ó mú ọkọ àbúrò ìyàwó ẹ̀ wá sípò náà. Ọkùnrin yìí máa ń lo awò ojú dúdú nínú òjò. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù ni pé kí gbogbo wa sá sẹ́yìn lọ dúró síwájú àwọ̀n wa. Ó mú Nii Ayi kúrò ní apá òsì, ó ní kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn, bí ẹni tó fi ẹṣin ṣọ́ àgbàdo. A bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. A fìdí rẹmi níwájú àwọn tí kì í lè nà wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a pariwo, Alága ní bọ́ọ̀lù ò yé wa.

Lẹ́yìn náà ló ta Nii Ayi sókè òkun láàárín sáà. Orí rédíò la ti gbọ́. Ọmọ náà gan-an kò ráyè dágbére. Ká tó nu omijé tán, a dé pápá tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe ìdánrawò lẹ́bàá ọ̀sà láti ìgbà ayé àwọn bàbá Ataa Kwei, a bá ògiri búlọ́ọ̀kù. Alága ti tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Dede jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri náà, ó ń bú u ní èdè Gá, mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín sí gbogbo ẹ̀.

Wọ́n pe àwa olólùfẹ́ sípàdé lábẹ́ igi fúrúùtù ní Jamestown, Alága sì wá fúnra ẹ̀, nínú agbádá funfun, kóòṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Ó ní ká ní sùúrù, ká ní ìgbàgbọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó gbé wa wá síbẹ̀. Mo ń wo Ataa Kwei kó dìde. Kò dìde. Èmi ni mo dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí ní Twi, mo rọra ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà. "Pápá tí ẹ tà yìí, ta lẹ bi léèrè? Níbo ni àwọn ọmọ á ti máa gbá bọ́ọ̀lù?"

Ó gbọ́ ọ nínú ohùn mi pé àlejò ni mí. Mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe tàn.

"Ah, Alata," ló wí. "Ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́ ní ìlú yín. Bí o bá padà délé, bi wọ́n níbi tí pápá tiwọn wà. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé."

Kóòṣì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwọn tó wà níwájú, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn tí mo ti bá pín omi mu nínú oòrùn. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tó. Dede ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹja ló lọ rà. Ataa Kwei ń wo bàtà ara ẹ̀. Mo jókòó padà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ṣọ́nà gba káàdì mi, ó wò ó, kò fún mi padà. Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ mi. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Mo dúró sẹ́yìn ògiri pápá, mo ń gbọ́ jámà tí mo mọ̀ láti inú, mo sì ń gbọ́ ọ láti ìta. Mo pe Màmá níbẹ̀.

"Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lásán ni," ló wí, "kí ló dé tí o ń sunkún báyìí? Máa bọ̀ nílé. Àjò ò lè dà bí ilé."

"Mi ò bọ̀, Màmá."

Nígbà tí Àǹtí Sìfáwù gbọ́, ó fi ọwọ́ nu ojú ara ẹ̀. "Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ? Torí pé a dákẹ́ ni wọ́n fi ń gbà wá láyè."

"Àǹtí, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Tara mi ti bá mi dákẹ́, mo ṣì wà láàyè," ló dáhùn, ó sì yíjú sí oníbàárà.

Mo mọ ohun tí mò ń wá. Mi ò fẹ́ kí Alága kú. Mi ò fẹ́ kí owó ẹ̀ run. Ẹ̀rín ló fi lé mi láwùjọ, ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi lé òun náà láwùjọ, kó gbọ́ ọ létí ara ẹ̀, kó má sì rí ibi tí yóò sá sí. Mo ń gbé èrò yìí jí, mo ń gbé e sùn. Mo ń káṣọ, mo ń rò ó. Àwọn kan máa ń sọ pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń pa ẹni tó bá gbé e. Èmi sanra sí i.

Ọlọ́run ò sì fi mí sílẹ̀, torí Alága fúnra ẹ̀ ló gbé e wá bá mi. Rófàsì fẹ́ ṣe àjọ̀dún, ó sì tẹ aṣọ: yẹ́lò àti dúdú, bọ́ọ̀lù káàkiri, ojú ẹ̀ sì wà nínú òbìrí ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó so táì mọ́rùn nínú ooru Makola, ló ń pín in fún àwọn aláṣọ. Kò mọ̀ mí. Ó bá Àǹtí ṣe àdéhùn, Àǹtí sì sanwó ọjà.

"Orúkọ aṣọ náà ni Yẹn Agya," ni akọ̀wé wí. "Bàbá Wa. Alága fúnra wọn ló fún un lórúkọ. Ẹ máa sọ fún àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà nísọ̀ ọ̀tún àti tòsì wo ara wọn. Ọ̀kan wúkọ́. Àǹtí ní, "Yoo, a ti gbọ́," akọ̀wé sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ Makola ò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn láé. Èèyàn lè ní ilé iṣẹ́, kó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, kó tẹ ojú ara ẹ̀ sára aṣọ. Kì í ṣe òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyá aránṣọ kan láti Jamestown ló kọ́kọ́ dúró. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó wo ojú tó wà lára ẹ̀, ó dijú díẹ̀. "Kí lorúkọ èyí?"

Àwọn obìnrin ń dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé Alága: ó ta Nii Ayi, ó ta pápá, ó fi ipò kóòṣì ta àna ẹ̀ lọ́rẹ, ó gba àyè mi láàárín àwọn èèyàn mi. Àǹtí ń fojú bẹ̀ mí.

"Watọn ne nyinaa," ni mo wí. Ó ti ta gbogbo ẹ̀ tán.

Aránṣọ náà kò rẹ́rìn-ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò mí, ẹ̀rín náà sì ti ikùn ẹ̀ wá títí ó fi di ìsọ̀ wa mú. Ẹni tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó pè é fún ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Kí a tó palẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu kaya tó ń ru ẹrù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta omi. Dede gbé e dé etíkun. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja wá ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, wọn kì í tilẹ̀ wo aṣọ mọ́, orúkọ ni wọ́n ń rà.

Ìyá aránṣọ ló wá mú ọgbọ́n kún un. Nígbà tó ń gé tèmi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Níbo lo fẹ́ kí n fi ojú ẹ̀ sí?" Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo obìnrin tó bá gbé aṣọ yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ ni Alága ń rẹ́rìn-ín ní ìdí wọn. Bí wọ́n bá jókòó, wọ́n jókòó lé e. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe Màmá láàárín ọjà láti sọ fún un. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní kí n fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí Ìnísà.

Lọ́jọ́ kan Ataa Kwei dúró níwájú ìsọ̀ wa, ó di fìlà ẹ̀ mú.

"Àbúrò mi," ló wí. "Ìyàwó mi ní kí n ra aṣọ kan."

"Aṣọ wo?"

Ó tọ́ka.

"Ẹ pe orúkọ ẹ̀. Báyẹn la ṣe ń ra aṣọ níbí."

Ó wo ẹ̀yìn. Ó pè é sábẹ́ ètè. Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un pè, mo ní ariwo ọjà ti pọ̀ jù. Nígbà tó wá ké e jáde tí gbogbo ìsọ̀ gbọ́, tí kaya kan dáhùn láti òdìkejì, ni mo tó mú sísọ́ọ̀sì. Mi ò sì dín owó kankan fún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mò ń dín in fún gbogbo èèyàn. Ó sanwó, ó dúró síbẹ̀.

"Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni mo dáhùn. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹnu ọ̀nà gbogboogbò ni mo gbà wọlé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń ṣọ́nà sì wo aṣọ mi, ó wo ojú sánmà, ó jẹ́ kí n kọjá. Ibi ìjókòó àwa olólùfẹ́ ti di yẹ́lò láti òkè délẹ̀. Alága wọlé. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ orúkọ aṣọ fún ọlọ́lá, nítorí náà ohun tí òun rí ni pé gbogbo ìlú ló wọ òun sára. Ó dìde láàárín àwọn àlejò pàtàkì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí wa. Àwa náà dìde. Dede ló kọ́kọ́ yíjú padà, gbogbo àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé e, a kọ ẹ̀yìn sí i, a sì rọra jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníròyìn rédíò kan wà létí pápá, ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹlẹ́ja kan. "Màmá, aṣọ yín mà dára o. Kí ni wọ́n ń pè é?" Ẹlẹ́ja náà pè é fún un, ó fi ohùn ẹni tó ń pe ẹja tà pè é. Rédíò kéékèèké ló kún pápá yẹn, gbogbo wọn ló gbé e jáde. Àlejò tó jókòó ti Alága ní ọ̀kan létí. Mo rí i bí àlejò náà ṣe fọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí Alága tó ń bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo rí i nígbà tí wọ́n sọ fún un. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Alága jókòó, ó dìde, ó tún jókòó, àwa sì sọ orúkọ náà di jámà, a kọ ọ́ títí ó fi jáde. Ẹ má bi mí léèrè bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ṣe parí. Mi ò wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ kejì akọ̀wé ẹ̀ dé, kò so táì mọ́. Ó ní kí gbogbo aláṣọ dá aṣọ náà padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀, ó ní ṣé ìwé ìgbélùú wa pé, torí pé Alága mọ àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì tó ń rí sí àlejò. Mo wo Àǹtí Sìfáwù. Mo rò pé ó máa kó gbogbo ẹ̀ fún un, kó tún bẹ̀ ẹ́.

Àǹtí di orúnkún ẹ̀ mú, ó dìde. "Nígbà tí wọ́n lé wa, ìyá mi ká àwọn aṣọ ẹ̀ dáadáa sórí pẹpẹ, ó ti ìsọ̀, ó sì lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Títí ó fi kú ló ń rántí àwọn aṣọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Small boy, mo ti sanwó ọjà yìí. Go and tell your master. Ìwé mi pé, ẹnu mi náà sì pé lónìí." Àwọn obìnrin ìsọ̀ ọ̀tún àti tòsì ti dìde dúró. Ó lọ, kò padà wá.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ó tó mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn wọ ìlà wa, òun nìkan, irun ẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń kọjá ni àwọn aláṣọ ń dìde kí i. Ó ti ta aṣọ ní Makola àtijọ́, kí àwọn sójà tó wó o. Àǹtí sáré gbé àpótí fún un, ó sì sọ sí mi létí: "Ìyá Alága nìyẹn. Dákẹ́, mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá náà jókòó, ó mí. "Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ada, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ní aṣọ ọmọ mi ń tà. Ẹ ṣeun. Kí lẹ sọ ọ́?"

"Yẹn Agya ni, Màmá," ni Àǹtí yára wí.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ ọ́fíìsì nìyẹn. Mo béèrè ti ọjà." Èmi ló yíjú sí. "Ìwọ, ọmọ mi, kí ni ọjà sọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ parọ́. Mi ò bínú sí òun rárá. Ṣùgbọ́n aláṣọ ni, ó sì béèrè bí aláṣọ. Mo pe orúkọ náà fún un.

Ó fi ìka méjì mú etí aṣọ, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ aṣọ wò. "Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí ló tà?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ ọ́. Mo sọ ti Nii Ayi, mo sọ ti pápá ẹ̀bá ọ̀sà. Mo sọ ti abẹ́ igi fúrúùtù náà. Ó ń mi orí.

"Ó ku ọ̀kan tí ẹ ò mọ̀," ló wí nígbà tó yá. "Mo ní ilé kan ní Jamestown. Aṣọ títà ni mo fi kọ́ ọ. Inú ẹ̀ ni mo bí ọmọ mi sí. Kí n tó lọ sí Ada, ó mú ìwé wá, ó ní kí n tẹ̀ka sí i, pé wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n dé ná. Ọjọ́ Àìkú yìí ló ń gbé e bọ̀." Ó fi ọ̀pá ẹ̀ kan ilẹ̀. "Mo ti ń bi ara mi pé òrùlé wo ló ń gba ìtẹ̀ka."

Ó tú ìdí aṣọ ẹ̀, ó mú owó jáde.

"Gé yáàdì mẹ́fà fún mi. Aránṣọ yín, ṣé yóò lè rán an kó tó di ọjọ́ Àìkú?"

Ìyá aránṣọ náà wà níbẹ̀, ó wá gbé tàwọn oníbàárà ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Màá rán an lónìí, Màmá." Ó wo ojú Alága lára aṣọ, ó wo ilẹ̀, ìtìjú mú un. "Níbo... níbo lẹ fẹ́ kí ojú náà wà?"

Ìyá náà tẹ́ aṣọ sórí itan ara ẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ọmọ ẹ̀.

"Fi í síwájú," ló wí. "Síbi àyà. Mo fẹ́ kó rí ara ẹ̀ nígbà tó bá ń gbé ìwé náà fún mi."

Mo wọn yáàdì mẹ́fà, mo gé e. Àǹtí Sìfáwù ló bá mi ká a.